Ìwé Ìṣirò Lábẹ́ Màńgòrò

Oṣù kẹrin. Apákẹ́ dákẹ́ bí ilé ìwé lásìkò ọlidé.
Ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé,
èmi náà jókòó, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan,
mo fẹ̀yìn ti igi màńgòrò bàbá mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ohun tó máa bàjẹ́ kó tó bàjẹ́.
Ọkọ̀ òfurufú mọ́kànlá, èmi ni mo ń tọ́jú ìwé ẹ̀yà ara wọn:
páǹpù, táyà, fáàfù,
òrùka rọ́bà tí kò tóbi ju òrùka ìyàwó lọ
tí gbogbo epo inú ọkọ̀ ń bẹ̀rù.
Wákàtí mélòó ni páǹpù máa ṣiṣẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́?
Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ìwé wí bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n wákàtí òfurufú nìkan ni ìwé ń kà.
Ìwé ò mọ wákàtí ìjókòó.

Àwọn mọ́kànlá wà ní pápá l'Ékòó,
wọ́n faṣọ di ẹnu ẹ́ńjìnnì wọn
bí a ṣe fi di imú tiwa.
Táyà tí kò yí, ojú kan ló fi ń ru gbogbo ẹrù,
ibẹ̀ ló ti ń tẹ́ díẹ̀díẹ̀.
Agbọ́n fi amọ̀ kọ́lé sínú ihò tí ọkọ̀ fi ń wọn eré atẹ́gùn.
Ògúnrìndé tó ń ṣọ́ wọn ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́:
"Àǹtí, ẹ wo ayálégbé tuntun. Kò tíì san kọ́bọ̀."

Ọ̀gá pè. Ohùn rẹ̀ ń já.
"Má ra nǹkan kan o. Ohun tí kò fò, kí ló máa bà á jẹ́?"
Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́," nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Bàbá mi ti gbọ́. Ó dìde láìsọ̀rọ̀,
ó wọ ṣẹ́ẹ̀dì tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀,
ó gbé agolo mílíìkì kan jáde, ìpẹtà ti jẹ ìdérí rẹ̀.
"Nígbà ogun abẹ́lé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́,
ọjà òkè òkun ò wọlé mọ́.
Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ògiri ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n gbé wá.
Àṣàbí, èyí tó ń rìn máa ń han, á sọ ibi tó ń dùn ún.
Èyí tó jókòó, ńṣe ló ń pa á mọ́ra."

Mo ní, "Ṣé kí n ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ nígbà náà?"
Ó mú rọ́bà kan nínú agolo, ó nà án. Ó já.
"Ta ló lo èyí? Kò sẹ́ni tó lò ó."
Ó fẹsẹ̀ tọ́ka sí màńgòrò tó tẹ́ ilẹ̀ lọ rẹrẹ,
tí tírélà tó ń kó o lọ s'Ékòó lọ́dọọdún kò wá kó,
tí eṣinṣin ń jẹ, tí òórùn rẹ̀ dùn títí ó fi ń rínni lára.
Rà á jù, yóò rà.
Má rà á, ọ̀nà á dí.

Mo tún ìlà fà. Òpó kan fún ìrìn, òpó kan fún ìjókòó.
Táyà mẹ́fà. Òrùka rọ́bà, mo gé ọgbọ̀n sí méjìlá.
Páǹpù ń kọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń gbà tẹ́lẹ̀ láti Faransé.
Báyìí, n kò mọ̀.
Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àpótí iye: "N kò mọ̀."
Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà lòun ń fẹ́.

Kí ọ̀gá tó fèsì, ilẹ̀ ti ṣú.
Ìró kan gba òkè wa kọjá, ó forí lé ọ̀nà Ìlọrin.
Ọkọ̀ ẹrù ni, ẹ́ńjìnnì méjì; etí mi mọ̀ ọ́n.
Bàbá mi gbójú sókè. "Tiyín ni?"
Mo ní rárá.
Ó de agolo rẹ̀ padà.
"Ẹnì kan ṣáà fi rọ́bà pa mọ́ dè é."